Báwo ni ẹ ṣe ń gba ẹ̀dá ìtàn sínú ẹgbẹ́ nínú eré yín?

Adarí-Tuntun kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Dungeons & Dragons ẹ̀dà karùn-ún, ìwé ti ọdún 2014, ni à ń ṣe: eré ìdí tábìlì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn, tí a sì ń ju dáìsì. Èèyàn mẹ́rin ló ń bá mi ṣeré, èmi ni mo ń darí, àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn sì ti dé ìpele agbára kẹta. Láti ìjókòó méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Inú mi dùn sí i gan-an, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa béèrè nǹkan nípa ìlú tí mo fọwọ́ ara mi yà, yàtọ̀ sí ibi tí ìṣúra wà.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Olè inú wọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn olè tó ń pàṣẹ ní èbúté. Oṣó fẹ́ wọ ilé àwọn oṣó torí ìwé ọfọ̀ tó wà níbẹ̀. Jagunjagun fẹ́ di ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́ṣin tó ti búra pé àwọn máa lé gbogbo olè kúrò ní èbúté yìí kan náà. Ẹnì kẹrin, ọdẹ, ní òun ò ní wọ ẹgbẹ́ kankan.

Kí ni ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọlé? Kí ni ẹgbẹ́ máa fún un, kí ló sì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé kí n máa ka iye kan sílẹ̀ ni, àbí kí n máa fojú díwọ̀n rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ti lò fúnra yín dá mi lóhùn.

Alákọsílẹ̀ kọ:

Òfin kan wà nínú Dungeon Master's Guide, ìwé adarí eré, ti 2014 yẹn gan-an tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá, torí pé ẹni tó bá wù ló ń lò ó. Renown ni wọ́n pè é níbẹ̀. Iyì ni à ń pè é nídìí tábìlì tiwa.

Ẹ̀dá ìtàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Tó bá ṣe ohun tó ti ètò ẹgbẹ́ síwájú, iyì rẹ̀ á fi 1 lé sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ fúnra wọn ló rán an níṣẹ́ náà, tàbí tí iṣẹ́ náà ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní tààrà, á fi 2 lé. Ipò márùn-ún ló wà nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ìwé náà fi ṣàpẹẹrẹ: iyì 1 ló ń gbé èèyàn dé ipò kìíní, 3 fún ìkejì, 10 fún ìkẹta, 25 fún ìkẹrin, 50 fún ìkarùn-ún. Nínú ẹgbẹ́ Harpers, Watcher lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, High Harper lẹni tó ti dé òkè pátápátá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo àríyànjiyàn ló ń dín iyì kù. Ẹ lè bá ọ̀gá ẹgbẹ́ fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sí ẹgbẹ́ tàbí sí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè gba iyì àti ipò lọ́wọ́ èèyàn, iyì náà kò sì lè rẹlẹ̀ ju òdo lọ.

Ẹ lò ó bó ṣe wà fún ìjókòó márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Ọ̀tá-Ìṣirò kọ:

Mo ti lo òfin iyì yẹn fún eré méjì tó gùn, mo sì fẹ́ kí Adarí-Tuntun mọ ibi tó ti máa há. Ìwé náà sọ pé ẹ̀dá ìtàn lè wá iyì láàárín ìrìn àjò kan sí èkejì, kó máa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe iṣẹ́ kéékèèké. Iye ọjọ́ tó máa lò ni iyì tó ní lọ́wọ́ lọ́nà mẹ́wàá, kó tó rí ẹyọ kan gbà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti 1 dé 3, ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Láti 3 dé 10, ọjọ́ 420. Ọdún kan ó lé! Tí eré yín bá jẹ́ irú èyí tí ọjọ́ mẹ́ta ń gba ìjókòó mẹ́fà, ọ̀nà yẹn ti dí.

Ìyẹn kò burú, ó kàn ń sọ fún wa pé ẹnu iṣẹ́ ni iyì ti ń wá. Ibi tó ti dùn mí ni pé nọ́ńbà ń gòkè nínú ìwé àwọn tó ń bá mi ṣeré, àmọ́ kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Ẹnì kan dé ipò kẹta lọ́dọ̀ mi, mo ní "o kú oríire", a sì tẹ̀síwájú. Ojú ẹni náà kò yí padà rárá. Mo rí i pé mo ti fi nǹkan tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ ṣòfò.

Àgbà-Dáìsì kọ:

Ohun tí Ọ̀tá-Ìṣirò ń wí yẹn, àwọn tó kọ òfin àtijọ́ ti rí i. Ẹ wo Players Handbook, ìwé àwọn tó ń ṣeré, ti Advanced Dungeons & Dragons, ọdún 1978. Druid, àlùfáà igbó, tó bá fẹ́ dé ìpele 12, mẹ́sàn-án péré ló lè wà níbẹ̀. Ní ìpele 13, mẹ́ta. Ní ìpele 14, Great Druid ẹyọ kan ṣoṣo. Bí àyè ò bá ṣí sílẹ̀, ẹ máa bá ẹni tó wà lórí àga jà ni. Tí ẹ bá ṣẹ́gun, ẹ jókòó. Tí ẹ bá pàdánù, ẹ padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti monk, ajagun tó ń fọwọ́ lásán jà, lókè lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti apànìyàn tó ń lé oyè Grandfather of Assassins.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nínú eré yìí, druid mi lo oṣù mẹ́ta gbáko láti mọ ẹni tó wà lórí àga ìpele 12 tó máa bá jà. Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ẹni tí àìsàn ń bá jà nínú wọn, mo mọ ẹni tí mi ò lè fọwọ́ kàn torí pé ó ti ṣe mí lóore. Òfin kékeré yẹn ló sọ ẹgbẹ́ di èèyàn lójú mi. Oyè tí ẹnikẹ́ni lè jẹ, tí kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ, kì í ṣe oyè.

Ìdí-Tábìlì kọ:

Àgbà-Dáìsì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mo ta ko èyí. Nígbà tí druid yín ń jà fún àga, kí làwọn yòókù ń ṣe? Wọ́n ń wòran ni. Èèyàn mẹ́rin wá ṣeré, ẹnì kan ló ṣe é. Lójú mi, òfin ẹgbẹ́ tí kò bá gba àwọn yòókù láyè láti dá sí i, kò yẹ kó wọ eré alájọṣe.

Ẹ̀dùn ọkàn mi mìíràn ni pé ìwọ̀nyí ń sọ nípa gígòkè nìkan. Kí ló dé tí a kì í sọ nípa ohun tí ẹgbẹ́ ń gbà? RuneQuest, eré mìíràn tó jáde ní 1978, ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ẹ̀sìn òòṣà ni ẹgbẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti di initiate, ọmọ awo gidi, máa ń fi ìdá mẹ́wàá owó rẹ̀ àti ìdá mẹ́wàá àkókò rẹ̀ sin òòṣà náà. Ohun tó fani mọ́ra nìyẹn: ó gba àkókò èèyàn! Ẹ̀dá ìtàn ò lè sọ pé òun ń bọ̀ wá sínú ihò dírágónì lọ́jọ́ ọdún òòṣà òun. Àwọn yòókù á ní láti dúró dè é, tàbí kí wọ́n bá a lọ síbi ọdún náà. Tí wọ́n bá bá a lọ, gbogbo wọn ti di ara ìtàn ẹgbẹ́ náà láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Àgbà-Dáìsì kọ:

Òtítọ́ lẹ sọ nípa ìjà yẹn. Mo gbà á. Níbi tí mo ti ń darí báyìí, kì í ṣe ìjà ẹni méjì ni mo fi ń gba àga mọ́. Gbogbo wọn jọ ń wá ìbò, wọ́n jọ ń tú àṣírí, wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń dupò. Àmọ́ mi ò ní fi bí àga ṣe ṣọ̀wọ́n sílẹ̀.

Aṣírò-Owó kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó kún un. Nínú Player's Handbook ti 2014, ẹni tó bá yan Guild Artisan gẹ́gẹ́ bí ìgbésí ayé rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ láti ìpele kìíní. Owó wúrà 5 ni wọ́n ń san lóṣù. Tó bá jẹ gbèsè, á kọ́kọ́ san gbèsè náà kí ojú rere ẹgbẹ́ tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà máa ń fún un ní ibi tó máa sùn, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á tì í lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án, wọ́n á sì sin òkú rẹ̀ tó bá pọn dandan.

Owó wúrà 5 ò tó nǹkan fún ẹni tó dé ìpele kẹsàn-án. Kì í ṣe iye yẹn ló ṣe pàtàkì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó ní láti wà nílùú kó tó lè san án. Lọ́dọ̀ mi, wọ́n lọ sínú aginjù fún oṣù mẹ́rin, nígbà tí wọ́n máa fi dé, wọ́n ti kọ orúkọ alágbẹ̀dẹ inú wọn sára ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn ajigbèsè. Ìtìjú bá ọmọkùnrin tó ń ṣe é ju ìgbà tí kòkòrò aginjù gé e jẹ lọ.

Ìmọ̀ràn mìíràn láti inú Pathfinder Society, ètò àjùmọ̀ṣe ti eré Pathfinder, ti ẹ̀dà àkọ́kọ́: iye méjì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, Fame àti Prestige. Prestige ni ẹ lè ná láti fi gba ìrànwọ́. Fame ni àpapọ̀ gbogbo ohun tí ẹ ti rí gbà, kì í sì í dínkù torí pé ẹ ná Prestige. Tí ẹ bá lo iye kan ṣoṣo, àwọn èèyàn yín á máa ṣahun sí i, wọn ò ní béèrè ìrànwọ́ rárá torí pé wọn ò fẹ́ pàdánù ipò. Ẹ pín in sí méjì, ẹ ó rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ẹgbẹ́.

Adarí-Tuntun kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti àkókò yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Àmọ́ ẹ ò tíì bá mi fọwọ́ kan egbò mi. Olè àti ẹlẹ́ṣin ńkọ́? Tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Òru-Ò-Sùn kọ:

Àbúrò, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Eré mi tó dára jù lọ tú ká lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Èèyàn márùn-ún ni wá. Àlùfáà inú wa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dọdẹ àwọn oṣó tí kò ní ìwé àṣẹ. Oṣó inú wa kò ní ìwé àṣẹ. Fún ìjókòó mẹ́jọ, àwàdà lásán ni láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, adarí eré fi lẹ́tà lé àlùfáà lọ́wọ́: ẹgbẹ́ ní kó fa oṣó náà lé àwọn lọ́wọ́ kí oṣù tó wọ̀ọ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe àlùfáà wo lẹ́tà náà títí. Ó ní ẹ̀dá ìtàn òun ti búra, òun sì gbọ́dọ̀ ṣe é bó ṣe yẹ kí ẹ̀dá ìtàn náà ṣe é. Ó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe oṣó dìde, ó kó dáìsì rẹ̀, ó lọ. Ọdún méjì ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni burúkú níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè, lọ́jọ́ tí àlùfáà wọ ẹgbẹ́, pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá kọjú ìjà sí ẹni tí ẹ jọ ń jẹun, ti ta lẹ máa ṣe?

Látìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀dá ìtàn kankan ò wọ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ mi láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é ti dáhùn rẹ̀ lójú gbogbo wa, kí eré ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé èyí ò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Onímáàpù kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Òru-Ò-Sùn. Ọ̀nà kan wà tó yẹ egbò yẹn sílẹ̀ pátápátá: kí gbogbo wọn jọ wọ ẹgbẹ́ kan náà. Ìwé Eberron ti 2019 àti Tasha's Cauldron of Everything ti 2020, ìwé Dungeons & Dragons méjèèjì, ní òfin fún ẹni tó máa jẹ́ alátìlẹ́yìn fún gbogbo ikọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ars Magica, eré àwọn oṣó, ti ń ṣe é láti 1987: àwọn oṣó jọ ń gbé inú covenant, ilé àjùmọ̀gbé, kan, wọ́n jọ ni ilé ìkàwé, wọ́n jọ ni gbèsè, àwọn tó ń ṣeré sì jọ ń kọ ìtàn ilé náà sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Blades in the Dark, eré àwọn ikọ̀ ọ̀daràn, 2017. Ikọ̀ yín gan-an ni ẹgbẹ́ níbẹ̀, ó ní ìwé tirẹ̀ bí ẹ̀dá ìtàn ṣe ní ìwé. Ẹ ó máa kọ ìbáṣepọ̀ yín pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ yòókù sílẹ̀, láti +3 dé −3. Tó bá ti dé −3, ogun dé. Ogun náà sì ń dun gbogbo yín: dípò iṣẹ́ méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà ìsinmi, ẹyọ kan ló kù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé "ẹgbẹ́ tìrẹ nìyẹn, kò kàn mí".

Ìdí-Tábìlì kọ:

Mo fara mọ́ Onímáàpù fún eré tuntun. Fún eré tó ti ń lọ, ó ti pẹ́ jù. Adarí-Tuntun ní olè kan àti ẹlẹ́ṣin kan tó ti mọ ohun tó wù wọ́n. Tí ẹ bá ní kí wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ kan, ẹ ti gba nǹkan méjì tó wù wọ́n, ẹ sì fún wọn ní ọ̀kan tí wọn ò béèrè.

Mi ò sì gbà pé gbogbo ìforígbárí ló burú. Ẹ wo eré 13th Age ti 2013. Àwọn alágbára mẹ́tàlá ló wà láyé ibẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn tuntun máa ń pín ẹyọ àjọṣe mẹ́ta láàárín àwọn tó bá wù ú, ó sì máa ń sọ bóyá àjọṣe náà dára, ó burú, tàbí ó dà bí omi tó dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ óò ju dáìsì olójú mẹ́fà fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 6, oore kan ń bọ̀. Tó bá jẹ́ 5, oore ń bọ̀ tòun ti wàhálà. Àjọṣe tó dà rú wà nínú òfin gan-an, kì í ṣe àṣìṣe. Olè tó ń sin ọba. Àlùfáà tí ọ̀tá òòṣà rẹ̀ gbà là. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń hù jáde.

Òru-Ò-Sùn kọ:

A ò jìnnà síra wa. Ẹ̀dá ìtàn lè bá ara wọn jà. Àwọn tó jókòó ni kò gbọ́dọ̀ bá ara wọn jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju kí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú.

Onígbọ̀wọ́ kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní tí Adarí-Tuntun bi, ohun tí ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọlé, ò tíì jáde. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: ó gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́.

Kò sí ẹgbẹ́ tó ń gba àjèjì wọlé torí pé ó pa abàmì ẹ̀dá mẹ́fà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ló máa ń dìde pé "mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo dúró fún un". Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ojú, ohun tó ń bẹ̀rù àti ohun tó ń wá. Ohun tó bá ti ọwọ́ ẹ̀dá ìtàn ṣẹlẹ̀, orí onígbọ̀wọ́ ló máa já lé. Tí olè bá jẹ gbèsè, onígbọ̀wọ́ ló ń san án. Tí ẹlẹ́ṣin bá sá lójú ogun, onígbọ̀wọ́ ló ń fi ipò sílẹ̀. Àwọn àgbà ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, bí awo ò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́. Gbogbo òfin ẹgbẹ́ mi ló wà nínú gbólóhùn yẹn.

Ẹ wò ó bó ṣe ń yanjú àwọn nǹkan tí ẹ ti sọ. Ọ̀tá-Ìṣirò ní nọ́ńbà ń gòkè, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, tí iyì bá gòkè, onígbọ̀wọ́ náà ń gòkè ni, ó sì ń mú ẹ̀bùn wá sílé. Àgbà-Dáìsì fẹ́ kí oyè ṣọ̀wọ́n. Tí ẹ̀dá ìtàn bá fẹ́ àga tí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ń fojú sọ́nà fún láti ogún ọdún ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó sunkún nídìí tábìlì mi nítorí ìbéèrè yẹn, omijé gidi, ó sì ní kí á má dúró.

Ó tún dín iṣẹ́ adarí kù. Ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn nira láti darí. Èèyàn kan tó ṣojú ẹgbẹ́ kò nira.

Aṣírò-Owó kọ:

Onígbọ̀wọ́, mo máa jí èyí lò. Ìbéèrè kan: báwo ni èèyàn ṣe ń jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Onígbọ̀wọ́ kọ:

Mo máa ń kọ bí wọ́n ṣe ń jáde sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n wọlé, mo sì ń jẹ́ kí onígbọ̀wọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀dá ìtàn. Nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹ san gbèsè, ẹ máa lọ. Nínú ẹgbẹ́ ológun, ẹ sìn títí ọdún tí ẹ búra á fi pé. Nínú ẹgbẹ́ awo, ohun tí ẹ mọ̀ kò lè jáde bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi nǹkan dúró.

Ars Magica tí Onímáàpù dárúkọ ní àpẹẹrẹ tó lágbára. Gbogbo oṣó inú Order of Hermes, ẹgbẹ́ àwọn oṣó inú eré náà, ló búra. Ẹni tó bá da ìbúra náà, wọ́n lè lé e jáde, tí wọ́n bá sì ti lé e jáde, wọ́n á máa dọdẹ rẹ̀ ni. Àmọ́ òfin kan náà gbà kí oṣó méjì bá ara wọn jagun láìda ìbúra: ẹ ó fi ìkéde ránṣẹ́ lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, ogun á bẹ̀rẹ̀ ní òṣùpá àrànmọ́jú tó tẹ̀ lé e, á sì parí lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ ò rí i bó ṣe dára tó? Ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé àwọn ọmọ òun máa jà, ó sì ṣe ọ̀nà fún ìjà náà kó má bàa tú òun ká. Olè àti ẹlẹ́ṣin Adarí-Tuntun lè lo irú rẹ̀: àdéhùn àtijọ́ kan láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì tó sọ ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ kan ara wọn.

Igi-Dá kọ:

Ẹ dákun, ta ló máa bá ọdẹ sọ̀rọ̀? Èmi ni irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì tiwa, ẹni tí kì í wọ ẹgbẹ́. Gbogbo ìgbà tí àwọn yòókù bá lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn, èmi á máa ya àwòrán sí etí ìwé mi. Ìgbà tí wọ́n ń gba ẹṣin àti ìwé ọfọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ń ra ọfà. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹgbẹ́. Ẹ̀dá ìtàn mi ti sá kúrò nínú ọ̀kan rí ni, adarí mi kò sì tíì bi mí léèrè rí.

Onígbọ̀wọ́ kọ:

Igi-Dá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ ní ohun kan tí àwọn yòókù ti tà: kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún un. Ó yẹ kí òfin ka ìyẹn sí ohun ìní. Lọ́dọ̀ mi, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ní apá kan, tàbí ẹni tó máa gbé ìhìn kọjá láàárín ọ̀tá méjì, irú yín ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ ti ẹgbẹ́ tí ẹ̀dá ìtàn yín sá kúrò nínú rẹ̀ fún adarí yín. Onígbọ̀wọ́ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láàyè?

Igi-Dá kọ:

Mi ò tíì ronú kan ìyẹn rí. Mo máa sọ fún un lónìí.

Adarí-Tuntun kọ:

Mo ti padà dé. A ti ṣe ìjókòó kan lórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè Òru-Ò-Sùn kí a tó mú dáìsì. Olè ní òun máa ṣe ti ikọ̀ wa nígbà gbogbo. Ẹlẹ́ṣin dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ò lè ṣèlérí, àmọ́ òun máa sọ fún olè ní ìjókòó kan ṣáájú kí òun tó ṣe ohunkóhun. Olè ní ìyẹn tó òun. Mi ò bá tí mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀.

Mo lo iyì ti Alákọsílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì fi iye kejì tí wọ́n lè ná kún un. Fún ilé àwọn oṣó, mi ò gba owó rárá. Ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá ni mo gbà, kí oṣó máa kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ó ti dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ti dáná sun aṣọ ìkélé, gbogbo wọn sì fẹ́ràn ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà ni onígbọ̀wọ́. Ti olè jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní èbúté. Ti ẹlẹ́ṣin jẹ́ ọ̀gágun kan tí apá rẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mi ò pète pé wọ́n mọra rí. Ẹni tó ń ṣe ọdẹ ló béèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà pé ta ló kọ́ ọ ní irú kókó tó ń ta sí àwọ̀n yẹn, torí pé kókó àwọn ẹlẹ́ṣin ni. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Mo ronú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, mo ní: "Ọmọ mi ni."

Ìyá náà bẹ ọdẹ pé kó bá òun gbé àwọ̀n kan lọ fún ọ̀gágun, kó má sọ ẹni tó fi rán an. Ọdẹ gbà. Olè ò mọ̀, ẹlẹ́ṣin ò mọ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú lórí àga wọn.

Àgbà-Dáìsì kọ:

Ọ̀gágun náà ńkọ́? Ó gbà á?

Adarí-Tuntun kọ:

Ó gbà á. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ wá kókó náà kàn nínú àwọ̀n, ó sì bi ọdẹ pé ṣé ojú ìyá náà ṣì ń ríran. Ibẹ̀ la dúró sí. Ọjọ́ Sátidé la máa tẹ̀ síwájú.